Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ajá yín láti Èkìtì lọ sétí òkun

Èkìtì kete, ẹ kú ilé o. Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá, àgàgà tí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé: ṣé mo lè gbé ajá mi lọ sí bíìṣì, báwo ni mo ṣe máa ṣe é? Ẹ lè gbé e lọ o. Ṣùgbọ́n òkè àti àpáta la ní lọ́dọ̀ tiwa, a ò lókun, torí náà ìrìn ọ̀nà jíjìn ni, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rò ni pé òkun gan-an kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ojú ọ̀nà àti oòrùn ló máa ń ṣe ajá léṣe jù. Ẹni tó bá ti mọ aago tó yẹ kó gbéra àti aago tó yẹ kó tẹ iyanrìn, ó ti borí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ṣé ajá tiyín lè lọ?

Kì í ṣe gbogbo ajá ló lè rin ìrìn yìí. Ẹ fi í sílé tó bá jẹ́ pé:

- kò tíì pé oṣù mẹ́rin, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ ò tíì pé
- abo tó lóyún ni, tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tó wà lásìkò tí àwọn akọ ń tọ̀ ọ́ kiri
- ó ti darúgbó, tàbí ó ń wúkọ́, tàbí kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn
- ó ti bu èèyàn jẹ rí

Lhasa àti àwọn tí imú wọn pẹlẹbẹ, ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì, ooru tètè máa ń mú wọn torí wọn ò lè mí dáadáa. Ajá tí wọ́n ń pè ní Caucasian náà, ẹ̀yin ẹ wo irun tó wà lára ẹ̀ kẹ́ ẹ rò ó wò, irun òtútù ni. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ẹkùkẹ, ajá ìbílẹ̀ wa, ló dáa jù fún ìrìn yìí, oòrùn wa ò ṣàjèjì sí i, kò sì ní ìwà ṣakará. Àwọn tó ń fi ẹkùkẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ò tíì bá a rìnrìn àjò rí ni.

Oṣù kan kẹ́ ẹ tó lọ

1. Ẹ gbé e lọ rí dókítà ẹranko. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni àkọ́kọ́, wọ́n máa ń gbà á látìgbà tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọdọọdún ni. Ẹ má dúró dìgbà tó ku ọ̀la o, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa lára ajá. Ẹ gba káàdì àjẹsára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù.
2. Ẹ sọ fún dókítà pé ọ̀nà jíjìn lẹ ń lọ. Tí ajá yín bá máa ń bì nínú mọ́tò, oògùn wà fún un, dókítà ló máa wọn iye tó yẹ kó lò. Ẹ gba oògùn eégbọn náà.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé e sínú mọ́tò tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ tan iná ẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan jẹ, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Tó bá yá ẹ gbé e dé Ìkéré kẹ́ ẹ sì yí padà. Tíyẹn bá lọ dáadáa, ẹ gbé e lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì tàbí Ìpólé-Ìlórò.
4. Ẹ jẹ́ kó máa sùn nínú kéèjì tẹ́ ẹ máa fi gbé e. Ajá tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìrìn àjò ló kọ́kọ́ rí kéèjì, á pariwo débi pé dírẹ́bà á fẹ́ já yín sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè dìde, kó yíra padà, kó sì nà gbalaja nínú ẹ̀.
5. Ẹ kọ́ ọ kó máa wá tẹ́ ẹ bá pè é. Eléyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Létí òkun, ariwo ìgbì ò ní jẹ́ kó gbọ́ yín dáadáa, tí kì í bá dáhùn nínú kọ́ńpáùn yín ní Adó, kò ní dáhùn níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ajá yín ò rí omi tó pọ̀ rí, ìdí omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò dáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú un létí ibi tí kò jìn, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe. Ẹ má tì í sómi o! Ẹni tó bá ti ajá sómi lẹ́ẹ̀kan, ajá náà ò ní sún mọ́ omi pẹ̀lú ẹni náà mọ́.

Ọkọ̀ wo lẹ máa wọ̀?

Mọ́tò tiyín ló dáa jù, tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ háyà odindi mọ́tò. Ọkọ̀ gáréèjì tó kó èrò, èmi ò gbà yín níyànjú ẹ̀. Dírẹ́bà tó bá tiẹ̀ gbà, á ní kẹ́ ẹ sanwó ìjókòó fún un, ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń bẹ̀rù ẹ̀, ẹlòmíì sì jẹ́ Mùsùlùmí tí ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fẹ́ fi kírun, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni lóòótọ́. Kó tó dé Àkúrẹ́ ìjà ti dé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ háyà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ajá náà kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà. Àwọn kan máa ń dákẹ́ títí dírẹ́bà fi dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, ó rí ajá, ó ní iye tẹ́ ẹ sọ ò gbà mọ́, ẹ ò sì lè bá a jiyàn torí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹ sọ bó ṣe tóbi tó, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ bèèrè bóyá éésì mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́, ẹ sì ṣèlérí pé ẹ máa tẹ́ nǹkan sórí ìjókòó.

Ẹ má dè é mọ́ inú búùtù tó ní ìdérí. Ẹ má dì í sábẹ́ ẹrù nínú Sienna. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbé ewúrẹ́ nìyẹn, ewúrẹ́ náà kọ́ ló sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Yẹ̀yẹ́ á sì wà, ẹ ti mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ajá dọ́nà Òǹdó, ẹnìkan á bèèrè iye tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, òmíì á ní Ògún ti rí ẹran. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sí àsìkò ọdún Ògún, yálà ní Ìrè lọ́dọ̀ wa ni o tàbí lápá Òǹdó, ẹ má so ajá mọ́ ibì kankan kẹ́ ẹ wọlé lọ ra nǹkan. Ìyẹn kì í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹrù ajá

- káàdì àjẹsára àti fọ́tò ajá náà tó jẹ́ tuntun
- okùn ọrùn méjì, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn tó tó mítà márùn-ún
- hànẹ́ẹ̀sì tó mú àyà, ó dáa ju ṣéènì ọrùn lọ, torí ajá tó bẹ̀rù máa ń yọ orí kúrò nínú ṣéènì
- àmì ọrùn tí nọ́ńbà fóònù yín wà lára ẹ̀
- oúnjẹ tó ń jẹ nílé, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ lójú ọ̀nà
- abọ́ méjì, táwẹ̀lì méjì, náílọ̀nù ìgbẹ́, kẹ́ẹ̀gì omi tútù kan fún ìwẹ̀
- bándéèjì, ọṣẹ, omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò

Lórí omi mímu: ajá máa ń fẹ́ bíi mílílítà 50 fún kìlò kan lójúmọ́, ìyẹn ni pé ajá tó wọn kìlò 20 á mu lítà kan, piọ́ wọ́tà méjì nìyẹn. Ìyẹn tó bá jókòó sílé o. Fún ọ̀nà àti oòrùn, ẹ gbé ìlọ́po méjì.

Ọjọ́ ìrìn àjò

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn rèé: Adó, Ìkéré, Àkúrẹ́, Òǹdó, Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ wá gba ọ̀nà Lẹ́kí já sí bíìṣì Eléko ní Èkó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ Èkó lọ ní tààràtà, wọ́n á wá wà nínú gó-síló fún wákàtí mélòó kan pẹ̀lú ajá tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá yà ní Ìjẹ̀bú-Òde gba Ẹ̀pẹ́, ẹ ò rí gó-síló Èkó rárá, ẹ̀yìn lẹ gbà wọlé.

1. Alẹ́ tó ṣáájú, ẹ fún un lóúnjẹ díẹ̀ kó tó di aago méje. Láàárọ̀, omi nìkan. Ajá tó bá yó nínú kòtò ọ̀nà yẹn, àwọn tó wà níwájú ló máa sanwó ẹ̀.
2. Aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ mú un rìn yíká àdúgbò kó tọ̀ kó sì yàgbẹ́.
3. Ẹ gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ má fòru rìn torí pé ẹ ń sá fún oòrùn, bọ́nà ṣe rí báyìí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Látí Ajílòsun títí dé Àkúrẹ́, ẹ rọra, ibi tí mọ́tò bá ń fò ni ajá ti máa ń bì.
4. Wákàtí méjì méjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi tí ò sí tírélà, tí igi wà, inú ọgbà ilé epo tó tóbi dáa. Kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ẹ di okùn mú ná. Mo tún un sọ, okùn kọ́kọ́, ilẹ̀kùn lẹ́yìn.
5. Ní Ọ̀rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín èrò. Tírélà pọ̀, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ gbé e sókè létí títì, òórùn ẹ̀ nìkan tó láti sọ ajá tó gbọ́ràn di aláìgbọ́ràn.
6. Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tírélà epo tó ń bọ̀ láti ilé ìfọpo Dangote, àti àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà etíkun tuntun tó fẹ́ dé Kàlàbá, ọ̀nà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Apá kìíní ẹ̀ tó bíi kìlómítà 47, láti Victoria Island dé Eléko.

Ọlọ́pàá lè dá yín dúró. Ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ níwájú, ẹ jẹ́ kí tẹ̀yìn wà bó ṣe wà, ẹ sọ pé ajá wà lẹ́yìn kí wọ́n tó fi tọ́ọ̀ṣì tàbí ọwọ́ wọlé, ẹ kí wọn dáadáa. Káàdì àjẹsára yẹn sábà máa ń parí ọ̀rọ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: tẹ́ ẹ bá kúrò ní Adó ní aago mẹ́fà, tẹ́ ẹ dúró bó ṣe yẹ, ọ̀sán gangan lẹ máa débẹ̀. Ẹ MÁ LỌ sórí iyanrìn nígbà yẹn. Ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó sùn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ lè mú un jáde díẹ̀, àmọ́ ti òkun gan-an, ìdájí ọjọ́ kejì ni, láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kí èrò tó dé, kí iyanrìn tó gbóná. Ìyẹn ni pé ìrìn yìí ò ṣeé fi ọjọ́ kan ṣe, ẹni tó bá sọ pé ó ṣeé ṣe, ajá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.

Fún ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ pe wọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí WhatsApp kó wà ní àkọsílẹ̀. "Ẹ máa bọ̀, kò sí wàhálà" tí ẹni tó gbé fóònù sọ, sìkiọ́rítì ẹnu géètì ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ bèèrè bákan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó ìwọlé bíìṣì, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gba ajá.

Lórí iyanrìn

Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé iyanrìn náà, ẹ ka ení títí dé èje. Tí ọwọ́ yín ò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà ò lè gbà á.

Ẹ má tú okùn. Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ bá lọ nìyẹn, kó sáré kẹ́ ẹ ya fídíò, àmọ́ ẹ lo okùn gígùn yẹn. Ìdí kìíní ni pé òkun tiwa níbí máa ń fà, ìgbì á fọ́ sílẹ̀, omi tó ń padà lọ sì lágbára ju èyí tó ń bọ̀ lọ, àgàgà láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Kò gbọ́dọ̀ wọ omi kọjá àyà. Ìdí kejì ni ẹṣin. Lórí ọ̀pọ̀ bíìṣì Èkó àwọn tó ń fi ẹṣin gbé èèyàn pọ̀, ajá tó wá láti Adó lè má rí ẹṣin rí láyé ẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró ganrangan, etí ẹ̀ á nà sókè, irun ẹ̀yìn ẹ̀ á dìde, tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó, torí ohun tó kàn ni pé ó fẹ́ sá tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ẹṣin kan ṣoṣo sì tó láti fọ́ egungun ìhà ẹ̀.

Omi òkun: ẹ má jẹ́ kó mu ún. Díẹ̀ tó bá ṣèèṣì gbé mì ò burú, àmọ́ tó bá mu ún púpọ̀, á bì, á ya ìgbẹ́ gbuuru, ó lè débi gìrì. Ẹ máa fún un lómi tútù ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òǹgbẹ má gbẹ ẹ́ débẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ń gbé nínú iyanrìn náà, iyanrìn ló ń gbé mì pẹ̀lú ẹ̀, torí náà ẹ má fi bọ́ọ̀lù bá a ṣeré níbẹ̀.

Ẹ máa wo ilẹ̀ níwájú ẹ̀: ìgò tó fọ́, igi súyà tí ata ṣì wà lára ẹ̀, ìwọ̀ apẹja, ẹja òkú. Ẹja tó máa ń wú yẹn, májèlé ni, kódà tó bá ti gbẹ. Nǹkan òkun tó rọ̀ tó sì ń dán yẹn náà máa ń ta, òkú ẹ̀ gan-an ṣì lè ta.

Ẹ kó ìgbẹ́ ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí iyanrìn yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ooru ti fẹ́ pa á

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ajá ò láàágùn bíi tiwa, mímí gúlegúle yẹn ló fi ń tu ara ẹ̀. Tí ahọ́n ẹ̀ bá ti fẹ̀ tó sì gùn jáde ju bó ṣe máa ń wà lọ, tí itọ́ ẹ̀ ti ki tó ń fà, tí erìgì ẹ̀ pọ́n kọjá ààlà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ranlẹ̀ mọ́, ooru ti wọ ara nìyẹn. Ara ajá tó yá gágá máa ń wà láàárín 38 sí 39 dígírì, tó bá ti dé 41, ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu.

1. Ẹ gbé e síbòji.
2. Ẹ da omi lásán sí i lára, ikùn, abẹ́ apá, àtẹ́lẹsẹ̀. Omi lásán, kì í ṣe yìnyín.
3. Ẹ máa fẹ́ ẹ, tàbí kẹ́ ẹ gbé e síwájú éésì.
4. Tó bá lè mu omi, díẹ̀ díẹ̀. Ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu.
5. Ẹ wá dókítà ẹranko, kódà tó bá ti ń dìde, torí inú lè ti bàjẹ́ tí ojú ò rí. Ẹ ti gba nọ́ńbà èyí tó wà nítòsí ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Mọ́tò tó dúró sóòrùn ńkọ́? Kí ìta wà ní 30 dígírì péré, láàárín ìṣẹ́jú 10 inú mọ́tò ti lè dé 40. Gíláàsì tẹ́ ẹ ṣí díẹ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan. "Mo fẹ́ ra búrẹ́dì ni, mò ń bọ̀" ti pa ọ̀pọ̀ ajá.

Àwọn àṣìṣe míì

Parasitamọ́ọ̀lù àti ìbùpùrófẹ̀ẹ̀nì: oògùn èèyàn ni, wọ́n lè pa ajá. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó ń gún ìfun. Àlùbọ́sà inú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ò dáa fún un. Oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán, ẹ má pa á lára ajá nítorí eégbọn, bẹ́ẹ̀ ni condemned oil, ó ń lá ara ẹ̀, á gbé e mì. Ẹ má jẹ́ kó yọrí lójú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré. Lóṣù Disẹ́ḿbà, nókáòtù pọ̀ létí òkun, ẹ má gbé e lọ rárá.

Tí ajá ibẹ̀ bá bu èèyàn jẹ, tàbí tiyín bu ẹlòmíì, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ata tàbí epo pupa sí i.

Tí Èkó bá jìn jù

Òkun tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó: Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, Ìgbókòdá. Láti Ìgbókòdá, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú wọn, Ayétòrò àti àwọn míì, ilé orí omi wà lójú ọ̀nà, ó rẹwà gan-an. Àmọ́ ajá tí ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí lè fò sómi, torí náà àfi tẹ́ ẹ bá lè háyà odindi ọkọ̀ náà, kí ẹnìkan di hànẹ́ẹ̀sì mú títí dé èbúté, kí gbogbo yín sì wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò omi.

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun á kọjá Badagry wọ Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ajá, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ibodè, ìwé ìlera láti ọ̀dọ̀ àwọn NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹranko àti ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè, lẹ máa nílò.

Tẹ́ ẹ bá ń padà sílé

Ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, iyọ̀ máa ń mú kó máa họra, á fi eyín ya awọ ara ẹ̀. Ẹ nu inú etí ẹ̀ gbẹ. Ní Adó, ẹ tú àárín ìka ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn etí ẹ̀ wò fún eégbọn. Ẹ sì máa ṣọ́ ìgbẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, iyanrìn díẹ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá ń bì, tí ikùn ẹ̀ le, tí ò sì yàgbẹ́ títí ọjọ́ kejì fi ṣú, ẹ má fún un ní nǹkan ìyàgbẹ́ kankan, ẹ gbé e lọ bá dókítà, iyanrìn lè ti dí ìfun ẹ̀.